Ẹ̀rọ Tí Bàbá Hui Yin Ń Tò

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́. Mo ti bá ọ̀kan sùn, mo ti bá a jí, mo ti fọ aṣọ rẹ̀ tó ń rùn fún èéfín lẹ́ẹ̀dì tó fi ń jó wáyà pọ̀, mo sì ti sin ín. Ooi Beng Chuan lorúkọ rẹ̀. Bàbá Hui Yin ni mo máa ń pè é, torí Hui Yin lọmọ kan ṣoṣo tá a bí. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù níbí ní Taiping ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí wọ́n ń tú àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń so ìpè pọ̀ níbẹ̀ dànù, tí wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà wọlé, inú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dùn pé iṣẹ́ á dínkù. Tèmi lọ bá àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó ń fowó ra ohun tí wọ́n dà nù padà, ó ń kó o wálé lórí alùpùpù, nínú agbọ̀n tí mo fi ń lọ ra ẹja.

Rílè ni wọ́n ń pè é. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ni, wáyà wé mọ́ ọn nídìí. Bí iná bá dé ibẹ̀, á fa ètè rẹ̀ mọ́ra, á dún kọ́, iná á sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá Hui Yin ní béèyàn bá tò wọ́n dáadáa, tí èyí bá dún tí tọ̀hún dáhùn, wọ́n lè ṣírò, wọ́n lè rántí nǹkan, kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tí wọn ò lè ṣe.

Mo ní, "Ṣé wọ́n lè fọ abọ́?"

Ó ní, "Ìyẹn ṣì kù."

Bó ṣe gba iwájú ilé mi nìyẹn. Ó kan férémù igi tó ga dé àjà, ó ń to rílè sí i lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wáyà pupa, wáyà funfun, wáyà aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn ń so rọ̀. Tábìlì oúnjẹ wa bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, àwa náà tẹ̀ lé e. Ọdún tó lé ní ogún ni mo fi ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rọ yẹn wà fún, torí gbogbo ìbínú mi, ibẹ̀ ló wà. Ìyá tó tọ́ mi kọ́ ló bí mi. Wọ́n gbé mi fún un nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì sọ fún un ni déètì: ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, ọdún 1953. Àwọn ẹgbẹ́ mi, ìyá wọn á máa sọ fún wọn pé, "Fráídè ni mo bí ẹ, òjò ń rọ̀, bàbá ẹ ò sí nílé." Èmi ò ní ìtàn kankan. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá Mọ́ńdè ni tàbí Sọ́ńdè. Nígbà tí Beng Chuan ń fẹ́ mi sọ́nà, mo sọ ọ́ fún un bí ẹni ń dápàárá, ṣùgbọ́n ojú mi ò bá mi dápàárá.

Ó ní, "Èmi ni máa bá ẹ wá a."

Ó lè wò ó nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ tó wà nílé ìyá rẹ̀, kò jù kó nawọ́ lọ. Ẹ ò mọ irú èèyàn tó jẹ́ ni. Bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ẹ́, bàbá Hui Yin ò ní bu omi fún ẹ, kànga ló máa lọ gbẹ́. Ó ní ẹ̀rọ tóun fọwọ́ ara òun tò ló máa sọ ọ́ fún mi. Èmi ni máa to déètì sí i, èmi ni máa tan swíìṣì. Gbogbo rílè á pariwo, gílóòbù méje á wà lórí rẹ̀, ọ̀kan á tàn, ọjọ́ tí wọ́n bí mi nìyẹn. Mo gbà. Ọmọdé ni mí, ìfẹ́ ń gùn mí.

Nígbà tó yá kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ agídí. Bí mo bá rí ìwé ìròyìn ọdún yẹn níbi kan, mo máa ń gbójú kúrò. Mo ti fi iwájú ilé mi sílẹ̀, mo ti fi àwọn ìrọ̀lẹ́ mi sílẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ló máa san án padà, mi ò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Hui Yin ti di ìyá ọlọ́mọ ní Ipoh nígbà tí fóònù tó lè wá ohunkóhun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì dé. Ó wálé lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń kùn sí bàbá rẹ̀. Ó yọ fóònù. "Màámi, torí ọjọ́ tí wọ́n bí yín náà lẹ ṣe ń kùn látọdúnmọ́dún? Ẹ dúró, kò tó ìṣẹ́jú kan."

Bàbá rẹ̀ fò dìde tòun ti irin ìjólẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́. "Gbé e sílẹ̀! Hui Yin, mo ní kó o gbé fóònù yẹn sílẹ̀!"

Èmi náà ti fọwọ́ dí etí. Ọmọ wo àwa méjèèjì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì ti ya wèrè."

Ó ní wèrè, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wèrè wa ni.

Ìyọnu mìíràn tún wà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń jí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dìde ń pàdé nílé mi ní gbogbo Sátidé. Wọ́n ní orúkọ gidi tí wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akólẹ̀ lèmi ń pè wọ́n. Cheah Kok Hin ni ọ̀gá wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ ni òun àti ọkọ mi. Selvam ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Azhari ló kéré jù, ilé ìfowópamọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọmọlúàbí èèyàn ni, òun nìkan ló ń gbé ife rẹ̀ lọ sí kíṣìnì tó bá mu kọfí tán. Ohun tí wọ́n ń kó jọ ni àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà tí Hui Yin wà ní kékeré, àwọn tó jẹ́ pé tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n fi ń ríran, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń rántí nǹkan. Bí ike rẹ̀ bá ti pọ́n bí eyín amutábà, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fi oògùn tí wọ́n fi ń bó irun kùn ún, wọ́n á sá a sóòrùn kó lè funfun. Oòrùn wo ló wà ní Taiping? Òjò á dé, wọ́n á máa sá kiri ẹ̀yìnkùlé mi bí ẹni tó sá èlùbọ́. Mo ti bá bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà nínú ajọ̀ tí mo fi ń ṣan ìrẹsì rí.

Wọn ò ka ẹ̀rọ ọkọ mi sí. Kok Hin máa ń dúró níwájú rẹ̀, á fọwọ́ fa wáyà. "Beng Chuan, núdù yìí, ìgbà wo la máa jẹ ẹ́?"

Selvam á ní, "Kọ̀ǹpútà tó bá níyì, ó lórúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ó lọ́dún tí wọ́n ṣe é. Eléyìí ò ní bàbá."

"Èmi ni bàbá ẹ̀," ọkọ mi á dáhùn, á máa rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ á sì pọ́n.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé orí àwọn rílè, ohùn wọn á yí padà. Kok Hin á wọ awò, á tẹ̀ kọ̀ọ̀rọ̀. "Ẹ wo ẹnu ẹ̀, fàdákà gidi ni. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé yìí." Wọ́n á máa fi ìka kan án jẹ́jẹ́. Wọ́n béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe é, wọ́n béèrè iye iná tó ń jẹ. Ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún, ẹnikẹ́ni nínú wọn ò béèrè rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń gé ẹ̀fọ́, bàbá Hui Yin pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ mu tíì ni. Mo bá a tó dúró sí iwájú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Mi ò tíì rí i níbẹ̀ lọ́wọ́ ṣíṣófo rí.

Ó ní, "Ó ti parí."

"Kí ló parí?"

"Swaa Gek, ó ti parí. Mo ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò ní ìdá kọ̀ọ̀kan. Swíìṣì nìkan ló kù."

Mo nu ọwọ́ mi. "Tàn án nígbà náà."

"Sátidé," ló wí. "Jẹ́ kí àwọn Kok Hin dé."

"Àwọn akólẹ̀ yẹn? Kí ló kàn wọ́n níbẹ̀?"

"Wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín tó. Jẹ́ kí wọ́n rí i. Ìwọ lo máa tàn án, mo ṣèlérí, ojú gbogbo wọn ló máa ṣe."

Ó yẹ kí n bá a jà. Bí ọkùnrin bá ti fẹ́ fi nǹkan yangàn, ta ló máa dá a dúró? Sátidé ò bá a láyé. Ṣọ́ọ̀bù kọfí ló lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, rọpárọsẹ̀ kọlù ú níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e dé ọsíbítù ó ti kọjá lọ. Inú ń bí mi sí i títí dòní. Ọkùnrin tó fi ogún ọdún ṣe sùúrù fún irin, kò lè jẹ́ kí n tàn án lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n pàgọ́ síwájú ilé, wọ́n to tábìlì, wọ́n gbé ẹ̀pà àti kóró bàrà kalẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá jókòó tì wá. Hui Yin ra ilé tí wọ́n fi bébà ṣe, ó ra mọ́tò bébà, ká lè sun ún tẹ̀ lé bàbá rẹ̀, kó lè rí i lò lọ́run. Ẹgbẹ́ akólẹ̀ náà ò gbẹ́yìn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà bébà wá. Wọ́n gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà.

"Ta ló ra eléyìí?" Selvam ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ara ti àtijọ́, máòsì ti òde òní. Wọn ò bá ara wọn mu rárá."

"Ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn," Azhari dáhùn.

"Kò síbi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Báwo ló ṣe fẹ́ tàn án?"

Kok Hin yọ bírò. Ó kúnlẹ̀ níwájú òkú, ó ń ya ihò wáyà sẹ́yìn kọ̀ǹpútà bébà, Selvam ń sọ fún un pé ihò òsì ti tóbi jù. Mo rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, mi ò lè purọ́. Mo rò ó nínú ara mi pé, àwọn yìí fẹ́ràn ọkọ mi.

Nígbà tá a ti ibi ìsìnkú dé, tí àwọn èèyàn ti ń túká, mo lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Mo to déètì mi sí i bó ṣe kọ́ mi. Ìka mi ti wà lórí swíìṣì kí Kok Hin tó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó wa! Ó tì o, má dán an wò!"

"Fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní kí n tàn án."

"Ẹ̀rọ tẹ́ni tó ni ín ti kú, wọn kì í ṣàdédé tàn án. Èèwọ̀ wa ni. Bí wáyà kan bá fara kan òmíràn, gbogbo ẹ̀ á jó, ilé ẹ náà á jó. Ṣé o fẹ́ jó iṣẹ́ Beng Chuan ni?" Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ mi. A máa yẹ̀ ẹ́ wò, wáyà kan lẹ́yìn òmíràn. Kí ọdún Cheng Beng tó dé, tá a bá ń lọ tún ibojì ẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ ti padà."

Mo ní, "Èmi ni máa tàn án. Ó ṣèlérí fún mi. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyàwó wa. Ìwọ náà ni."

Ẹ̀rù iná bà mí, mo jẹ́ kí wọ́n gbé e. Wọ́n rọra gbé e bí ẹni gbé aláìsàn, Azhari ń fọwọ́ ti wáyà kó má bàa há. Iwájú ilé mi wá fẹ̀ gbayawu. Mo gbé tábìlì padà síbẹ̀, mo sì dá jókòó jẹun níbẹ̀.

Mo pe Kok Hin lórí fóònù. "À ń yẹ̀ ẹ́ wò." Mo tún pè é. "Ìyàwó wa, iṣẹ́ ńlá ni, Beng Chuan ò ya àwòrán ẹ̀ síbì kankan." Cheng Beng dé, ó kọjá. Mo dúró sídìí ibojì, mo tan tùràrí, mo sọ fún bàbá Hui Yin pé kó fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Mo ní kó má dá mi lẹ́bi bó bá pẹ́, òun ló kọ́ mi ní sùúrù.

Ìgbà tó wá yá, Kok Hin ló pè mí fúnra rẹ̀. Ayọ̀ ń kún ẹnu rẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn fẹ́ ṣe àfihàn ọdọọdún wọn ní gbọ̀ngàn iléèwé. "Wọ aṣọ tó dáa, ìyàwó wa. Gbogbo rílè Beng Chuan ló máa dún lọ́jọ́ náà. Wàá gbọ́ ọ."

"Ṣé èmi ni máa tan swíìṣì?"

"Ìwọ náà ni! A ò jẹ́ kí ẹlòmíì tàn án kó o tó dé."

Mo lọ ṣe irun. Mo lọ aṣọ búlúù tí bàbá Hui Yin fẹ́ràn. Hui Yin wá láti Ipoh, ó fi mọ́tò gbé mi. Ojú òun náà ń dán, ó ń yọ mí lẹ́nu lójú ọ̀nà.

"Màámi, bó bá jẹ́ Mọ́ńdè ńkọ́?"

"Mọ́ńdè dáa. Ọjọ́ iṣẹ́ ni."

"Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Wọ́n á ní torí ẹ̀ ni mo ṣe ya ọ̀lẹ."

"Bí gílóòbù ò bá wá tàn rárá?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, wakọ̀ ẹ."

Gbọ̀ngàn kún. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tò lọ lórí tábìlì, funfun bí ẹ̀wù tuntun, àwọn baba àgbà jókòó sídìí ẹ̀, wọ́n ń yìnbọn fún ìràwọ̀ nínú eré ojú tẹlifíṣọ̀n. Ojú mi ń wá férémù igi tó ga dé àjà. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó ga ju orí èèyàn lọ níbẹ̀. Fọ́tò ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí kan tí agbòòrùn so mọ́. Selvam dúró tì í, ó wọ táì.

"Àǹtí, ẹ wá wo tèmi!" Ó bu omi, ó wọ́n ọn sórí páànù kékeré kan. Rílè dún kọ́, agbòòrùn ṣí gbàgà. "Fún òjò ìlú wa! Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dún, kò ṣì í rí. Rílè Bọ̀ọ̀dá Beng Chuan ni."

Mo lọ sí tábìlì kejì. Fọ́tò ọkọ mi tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń fi ṣíbí ro tíì, Azhari ló ni ín, rílè ń dún nínú rẹ̀. Tábìlì tó tẹ̀ lé e, aago ni, rílè ló ń ka ìṣẹ́jú. Tábìlì mìíràn, fọ́tò ọkọ mi. Òmíràn, fọ́tò ọkọ mi. Ibi gbogbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: Beng Chuan ń bẹ láàyè nínú ẹ̀rọ wa.

Kok Hin wà ní tábìlì tó gbẹ̀yìn, níwájú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé. Ó ti to rílè lọ gbọọrọ sórí rẹ̀, wọ́n ń dán yinrin. Bó bá tẹ bọ́tìnnì kan, gbogbo wọn á dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí ìgbà tí tẹlifóònù jẹ́ tẹlifóònù! Ìyàwó wa, jókòó. Swíìṣì rèé."

Mo ní, "Èyí tó kù dà?"

"Èwo?"

"Ẹ̀rọ ọkọ mi."

Ó wò mí bí ẹni tí ò gbọ́ èdè mi. "Òun náà la ń wò yìí. Ìyàwó wa, a yẹ̀ ẹ́ wò títí. Igi ti ń ju. Wáyà rẹpẹtẹ, orí Beng Chuan nìkan ló mọ bó ṣe lọ. Àwa ò rí irú ẹ̀ rí, kì í ṣe ẹ̀rọ tí ìtàn mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn rílè yìí, wúrà ni! Bá a bá fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á dípẹtà. La bá pín wọn, kí kálukú lè jí wọn dìde. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ la fi gé e."

"Ẹ gé e."

"Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyàwó wa."

"Wáyà ẹ̀ ńkọ́?"

"Àwọn kólẹ̀kólẹ̀ ti gbé ìyẹn."

Ariwo tó jáde lẹ́nu mi, èmi gan-an ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. "Ó ti parí, Kok Hin! Ó ti pé! Wáyà yẹn ni iṣẹ́ tó fi ogún ọdún ṣe, irin ò ju irin lọ! O di ọwọ́ mi mú lórí swíìṣì, o ní kó má bàa bà jẹ́! Ṣé orí bíbẹ́ wá ni oògùn orí fífọ́ fún yín? Ẹ̀ ń jẹun nílé mi látọdúnmọ́dún, ẹ jẹ ẹ̀pà òkú ẹ̀, ẹ wá gé e bí ẹran!"

Hui Yin di apá mi mú. Agbòòrùn Selvam ṣì wà ní ṣíṣí.

Azhari ló sún mọ́ mi. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, mo mọ̀ pé ó dùn ún lóòótọ́. "Àǹtí, ẹ forí jì wá. A ò mọ̀. Kí ni ẹ̀rọ náà ì bá ṣe fún yín?"

Ẹ ò rí i? Ìgbà tí kò wúlò mọ́ ni wọ́n tó béèrè. Ìbínú ló mú kí n sọ ọ́. Mo ní wọ́n gbé mi tọrẹ lọ́mọ ọwọ́. Mo ní mi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi, déètì nìkan ni mo mọ̀, ọkọ mi sì fi gbogbo ayé rẹ̀ to ẹ̀rọ tó máa sọ ọ́ fún mi. Mo fi déètì náà sọ wọ́n lójú bí òkò: ọjọ́ keje, oṣù karùn-ún, ọdún 1953.

Ojú Kok Hin là. Mo rí i. Ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ fò lọ, ó rí bí ọmọ iléèwé tó mọ ìdáhùn. "Ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀? Ìyẹn nìkan? Ìyàwó wa, kí ló dé tó ò sọ látọjọ́ yìí?" Ó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ìlà mẹ́ta péré ni máa kọ sí i!"

"Má ṣe é," mo ní.

Ó ti ń tẹ̀ ẹ́. Kọ́, kọ́, kọ́, rílè ọkọ mi ń dún lórí gbogbo bọ́tìnnì tó ń tẹ̀, kò gbọ́ mi. Àwọn tó kù ti yí i ká. Selvam ń sọ pé kó má gbàgbé ọdún tí oṣù kejì ń ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Kok Hin ní, ta lo rò pé ò ń kọ́?

"Kok Hin, mo ní dá ọwọ́ dúró! Mi ò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ ẹ!"

Hui Yin ń fi èjìká la àárín wọn kọjá kó lè dé ibi tí iná wà, kó pa á. Kò tíì dé ibẹ̀ tí Azhari fi kígbe. Inú rẹ̀ dùn, ọmọ rere, ó rò pé òun ti rí nǹkan ṣe fún mi.

"Tọ́sìdeè! Àǹtí, Tọ́sìdeè ni wọ́n bí yín!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Kok Hin dìde, ó tẹrí ba fún wọn, ó wá yíjú sí mi, ó ń dúró de ọpẹ́.

Mo ní kí Hui Yin máa gbé mi lọ sílé. Òjò ti ń rọ̀ nígbà tá a jáde, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi ń sunkún, ó ní, "Màámi, ẹ má ka ìyẹn sí. Ẹ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́." Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́. Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n bí ní Tọ́sìdeè nìyẹn.